Táyà ẹ̀yìn C63 mi yọ kókó lẹ́gbẹ̀ẹ́: ṣé ẹyọ kan ni kí n rà, àbí méjì, àbí mẹ́rin?

ọmọ_mọ́kọ́lá

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o ẹ̀yin ọ̀gá mi. Mo mọ̀ pé àwọn tó gbọ́ tinú mọ́tò eré pọ̀ níbí, ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbà mí, torí gbogbo ẹni tí mo bi léèrè ló ń sọ tiẹ̀ lọ́tọ̀, orí mi sì ti ń gbóná.

Benz C63 ni mò ń wà, W204 ti 2012, èyí tó ní V8 lítà 6.2 tí wọ́n wá lẹ 6.3 mọ́ lára (ẹ má bi mí o, àwọn ará Jámánì ló mọ ohun tí wọ́n rò). Sátidé tó kọjá mò ń bọ̀ láti Ìkẹjà lálẹ́, òjò ti rọ̀ gan-an, omi ti bo títì, bí mo ṣe ní kí n yà fún dáńfó kan tó dúró láìtan iná l'Ọ́jọ́ta báyìí ni ẹsẹ̀ ọ̀tún kó sí kòtò tí mi ò rí rárá. Ariwo tó dún, ìyàwó mi tó ń sùn ta jí, ó ní "Jésù!" Mo sọ̀ kalẹ̀ fi tọ́ọ̀ṣì fóònù wò ó, kò jò, mi ò rí nǹkan kan, mo bá rọra wà á dé Ìbàdàn. Àárọ̀ ọjọ́ kejì tí mo fẹ́ fọ mọ́tò ni mo rí i pé táyà ẹ̀yìn lọ́wọ́ ọ̀tún ti wú lẹ́gbẹ̀ẹ́, kókó kan yọ síta tó ẹyin àparò, tí mo bá fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ ó máa ń rọ̀.

Fọ́kánáísà àdúgbò wa ní kí n má wulẹ̀ dààmú, òun á lẹ pátì sí i nínú, òun á sì ju túùbù sí i, pé ó máa lọ dáadáa. Ẹnì kan ní Ládípọ̀ ní òun ní tòkúnbọ̀ 255/35R18 nílẹ̀, ẹyọ kan péré, kì í ṣe irú tèmi ṣùgbọ́n "ojú rẹ̀ ṣì nípọn dáadáa". Ṣọ́ọ̀bù tó ń ta tuntun ní mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni kí n pààrọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, iye tó pè é, mo ní kó jẹ́ n mí ná. Ìyàwó mi ní ẹyọ kan ló bàjẹ́, ẹyọ kan ni kí n rà, kí n gbé ìyókù fún owó ilé ìwé àwọn ọmọ.

Ṣé ẹyọ kan ni àbí méjì àbí mẹ́rin? Ṣé tòkúnbọ̀ yẹn dáa? Tí mi ò bá sì rí 255 (nọ́ńbà fífẹ̀ táyà), ṣé mo lè ki 265 bọ̀ ọ́? Táyà iwájú jẹ́ 235/40R18, wọn ò bá tẹ̀yìn dọ́gba. Mo tún ní ìrìn sí Èkó lọ́jọ́ Ẹtì, ṣé kí n rọra wà á lọ?

baba_rọ́bà

Àbúrò, ẹ kú ewu. Ẹ ṣọpẹ́ pé kò bẹ́ lórí márosẹ̀ tẹ́ ẹ fi délé. Iṣẹ́ táyà ni mò ń ṣe, ó ti pẹ́ díẹ̀, ẹ jẹ́ n máa mú un bó ṣe ń wá sí mi lẹ́nu.

Ìrìn Èkó ọjọ́ Ẹtì, ẹ gbé bọ́ọ̀sì. Mọ́tò yẹn ò gbọdọ̀ kúrò nílẹ̀ lórí táyà yẹn. Kókó tẹ́ ẹ rí yẹn kì í ṣe rọ́bà ló wú lásán o. Inú ẹ̀gbẹ́ táyà ní àwọn okùn tín-ín-rín tí wọ́n hun kiri, àwọn ló ń di afẹ́fẹ́ mú, rọ́bà kàn bò wọ́n lásán ni. Nígbà tí táyà pẹlẹbẹ bíi 35 (tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ga ní ìdá 35 péré nínú ọgọ́rùn-ún fífẹ̀ rẹ̀) bá kó sí kòtò, etí rìímù àti etí kòtò á fún ẹ̀gbẹ́ táyà mọ́ àárín, àwọn okùn yẹn á já, afẹ́fẹ́ á wá máa ti rọ́bà síta níbi tí okùn ò ti sí mọ́. Rọ́bà lásán ló kù tó ń gbé mọ́tò tó tó 1,700 kílò. Ó lè lọ oṣù kan, ó lè bẹ́ kẹ́ ẹ tó dé Ìwó Róòdù. Tó bá sì bẹ́ lẹ́yìn lórí eré, ìdí mọ́tò ló máa ń fò jáde, kò sì sí bẹ́ ẹ ṣe máa mọ síárìn tó. Mọ́tò yín ò tiẹ̀ ní sípẹ́à, wọ́n kàn fún yín ní ike gọ́ọ̀mù àti pọ́ǹpù kékeré ni, gọ́ọ̀mù yẹn ò lè ran ẹ̀gbẹ́ táyà tó ya lọ́wọ́.

Èyí tí fọ́kánáísà yín wí, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ kẹ́ ẹ máa lọ. Ojú táyà nìkan ni wọ́n ń lẹ̀, ìyẹn ibi tó ń kan ilẹ̀, ihò náà ò sì gbọdọ̀ fẹ̀ ju mílímítà 6 lọ. Èjìká àti ẹ̀gbẹ́ táyà, kò sí àtúnṣe níbẹ̀. Túùbù nínú táyà pẹlẹbẹ bẹ́ẹ̀, ńṣe ló máa ń fi ara ha inú táyà títí á fi gbóná, oòrùn wa ọ̀hún á tún kún un. Mo ti fọwọ́ ara mi yọ irú ẹ̀, túùbù ti di gbúúrú nínú.

Ní ti iye tẹ́ ẹ máa rà, mẹ́rin kò di dandan. Ẹ̀yìn nìkan ni ẹ́ńjìnì mọ́tò yín ń yí, iwájú ò bá a dá sí i, ìwọ̀n wọn ò sì jọ ara wọn látilẹ̀, torí náà ẹni tó ní kẹ́ ẹ pààrọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin láì tíì wo táyà iwájú, ọjà ló fẹ́ tà. Ọ̀rọ̀ kù sáàárín ẹyọ kan àti méjì. Ìyẹn wà lọ́wọ́ bí táyà ẹ̀yìn kejì ṣe jẹ tó. Ẹ wọn ọ́n. Tẹ́ ẹ bá rí géèjì kékeré tí wọ́n fi ń wọn jíjìn ihò ojú táyà ẹ lò ó, tí kò bá sí, ẹ ti rúlà tẹ́ẹ́rẹ́ bọ̀ ọ́. Ẹ wọn ọ̀nà mẹ́ta: etí ìta, àárín, etí inú. Etí inú yẹn ni kẹ́ ẹ má gbàgbé o, torí àwọn mọ́tò yìí máa ń jẹ táyà látinú wá, ẹ máa rò pé ó ṣì dáa tẹ́ ẹ bá dúró síta ń wò ó. Táyà tuntun máa ń tó mílímítà 8. Kẹ́ ẹ wá wo àwọn nọ́ńbà ara rẹ̀, ti tòkúnbọ̀ Ládípọ̀ yẹn náà, kẹ́ ẹ kọ gbogbo ẹ̀ síbí.

Kẹ́ ẹ tó náwó kankan ṣá, ẹ jẹ́ kí wọ́n yí rìímù yẹn lórí ẹ̀rọ bàláǹsì. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Kòtò tó já okùn táyà, kò dájú pé ó dá rìímù sí. Tó bá tẹ̀ díẹ̀, wọ́n lè nà án. Tó bá sán, ẹ má jẹ́ kí wọ́n jó o pọ̀, ẹ wá òmíràn.

STI_Houston

Ọ̀rọ̀ baba_rọ́bà tẹ̀wọ̀n. Mo kàn fẹ́ fi tèmi kún un torí àwọn tó ní mọ́tò tí ẹ́ńjìnì ń yí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lè máa ka èyí kí wọ́n rò pé táwọn náà ni.

Subaru WRX STI ni tèmi, 245/35R19 yíká, ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló ń fà. Ìṣó wọ ẹ̀yìn lápá òsì nítòsí èjìká, wọn ò lè lẹ̀ ẹ́ níbẹ̀. Èmi náà ti ní ẹyọ kan ni n ó rà. Ṣùgbọ́n Subaru ní àyíká táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ò gbọdọ̀ fi ju ìdá kan nínú mẹ́rin ínǹṣì kan lọ síra, tẹ́ ẹ bá ṣe ìṣirò ẹ̀, ìjẹ táyà bíi mílímítà 1 péré ló jẹ́ o! Bí ẹsẹ̀ kan bá ṣe kékeré tàbí tóbi ju ìyókù lọ, diff àárín (irin tó ń pín agbára ẹ́ńjìnì fún àwọn ẹsẹ̀, tó sì ń jẹ́ kí ọ̀kan lè yí ju ìkejì lọ) á máa fi gbogbo ìrìn ṣiṣẹ́ tí kò yẹ kó ṣe, á máa gbóná, nígbà tó bá sì kú, owó ẹ̀ ju táyà mẹ́rin lọ dáadáa. Àwọn mẹ́ta tó kù lẹ́sẹ̀ mi ò tíì jẹ púpọ̀, n ò bá da mẹ́ta tó dáa nù nítorí ọ̀kan.

Ohun tí mo ṣe ni pé mo ra tuntun kan tó jẹ́ irú wọn gẹ́lẹ́, mo ní kí wọ́n fá a. Bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n máa ń fá táyà níbí, Tire Rack ń ṣe é, wọ́n á gbé e sórí ẹ̀rọ, wọ́n á fi abẹ há ojú ẹ̀ títí á fi bá àwọn tó kù dọ́gba. Nígbà tí mo sọ fún màámi lórí fóònù pé mo ra nǹkan tuntun mo sì sanwó kí wọ́n fá a kó lè gbó, wọ́n ní ṣé ilé ìwé tí àwọn rán mi lọ nìyẹn.

Ọmọ_mọ́kọ́lá, mi ò mọ̀ bóyá ẹ máa rí irú ẹ̀rọ yẹn ní Nàìjíríà, ẹ̀yìn nìkan ni tiyín ṣá, méjì á yanjú ẹ̀.

náírà_kì_í_jábọ́

Ẹ̀yin ará ibí ẹ fẹ́ràn láti máa náwó olówó. Gbogbo ohun tẹ́ ẹ ń sọ yìí wà fún àwọn tó ń sáré ní Jámánì. Ta ló ń sá 270 ní Nàìjíríà? FRSC (ẹ̀ṣọ́ ojú pópó) ní 100 ni lórí márosẹ̀. Táyà ẹyọ kan bẹ́, ẹ ra ẹyọ kan, ẹ máa lọ. Camry mi ní táyà oríṣi mẹ́ta lẹ́sẹ̀, mo ti fi lọ Àbújá, mo ti fi bọ̀. Tòkúnbọ̀ ni gbogbo wa ń lò, kò pa ẹnikẹ́ni. Ọ̀gá, ẹ gba ọ̀rọ̀ ìyàwó yín.

baba_rọ́bà

@náírà_kì_í_jábọ́ ẹ̀gbọ́n mi, Camry yín àti C63 kì í ṣe ẹgbẹ́. 457 horsepower ni wọ́n kó lé ẹsẹ̀ méjì ẹ̀yìn mọ́tò yẹn, táyà méjì yẹn nìkan ló ń mú ilẹ̀. Tí ọ̀kan bá nípọn ní 8 tí ìkejì jẹ́ 4, tuntun á fi nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 2.5 gùn ju ìkejì ní gbogbo yíyí kan, táyà tó ń lọ nǹkan bíi mítà 2 lẹ́ẹ̀kan tó bá yí. Nínú kìlómítà kan ẹ ti rí iyàtọ̀ bíi mítà 12. Láti Ìbàdàn dé Èkó ńkọ́? Diff ẹ̀yìn ló máa jẹ gbogbo ìyẹn mọ́ra. Àwọn C63 kan sì wà tí diff wọn ní kílọ́ọ̀ṣì tó máa ń so ẹsẹ̀ méjèèjì pọ̀, ìyẹn tún burú jù torí òun ò fẹ́ kí ẹsẹ̀ kan sá ju ìkejì lọ rárá, ńṣe ni wọ́n á máa jà. Kọ̀ǹpútà mọ́tò náà ń fi eré ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan mọ̀ bóyá mọ́tò ń yọ̀, tẹ́ ẹ bá fún un ní ẹsẹ̀ tí kò dọ́gba, ó lè máa tẹ bírékì níbi tí kò sí nǹkan kan.

Ní ti pé a kì í sá 270, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n lẹ́tà tí wọ́n kọ sára táyà láti fi sọ eré tó lè gbà, ooru ló ń bá wí. Táyà tó lè fara da eré ńlá lè fara da ooru. Títì wa lọ́sàn-án oṣù kẹta, ẹ fi ọwọ́ kàn án wò.

Òjò tún wà níbẹ̀. Tí táyà kan bá ń ta omi dànù dáadáa tí ìkejì ti ń dán, ìdí mọ́tò á fì sápá kan nígbà tẹ́ ẹ bá bọ́ sínú adágún omi. Òjò la sì wà nínú ẹ̀ báyìí.

ọmọ_mọ́kọ́lá

Ẹ ṣé gan-an ẹ̀yin ọ̀gá mi. Mo ti wọn ọ́n. Mo ya géèjì lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ mi kan tó jẹ́ mẹkáníìkì, ohun tí mo rí nìyí:

Ẹ̀yìn òsì, èyí tí kò bàjẹ́: ìta 5, àárín 5, inú 3. Baba_rọ́bà ẹ mà mọ iṣẹ́ yín o, etí inú yẹn mi ò wò ó rí láyé mi, láti òkè ńṣe ló ń dán. Nọ́ńbà ara ẹ̀: 255/35R18 94Y, DOT ẹ̀ (nọ́ńbà tó ń sọ ìgbà tí wọ́n ṣe é) parí sí 0820.

Iwájú méjèèjì: 6 yíká, 235/40R18 95Y, DOT 3322.

Ti Ládípọ̀, ọ̀gbẹ́ni yẹn ya fọ́tò ránṣẹ́: 255/35R18 90W, DOT 3117. Ojú ẹ̀ nípọn lóòótọ́, ó sì ń dán bíi kọ́bọ̀ tuntun.

Wọ́n yí rìímù lórí ẹ̀rọ, ó tẹ̀ díẹ̀ níbi etí inú, wọn ò rí ibi tó sán.

Ìyàwó mi ka ohun tí @náírà_kì_í_jábọ́ kọ, ó ní kí n kí i dáadáa.

baba_rọ́bà

Ó dáa, ọ̀rọ̀ ti yé wa. Ẹ ra méjì, tuntun, fún ẹ̀yìn, kí méjèèjì jẹ́ irú kan náà látọwọ́ ilé iṣẹ́ kan náà. Etí inú tó wà ní 3 yẹn, 1.6 ni táyà kú, ẹ wo inú ihò ojú táyà ẹ máa rí gọ́ńgọ́ kékeré kan níbẹ̀, wọ́n kọ TWI sí ẹ̀gbẹ́ táyà lápá òkè ẹ̀, nígbà tí ojú táyà bá jẹ dé gọ́ńgọ́ yẹn ó ti tán. Òsì yín ò ní pẹ́ débẹ̀, tẹ́ ẹ bá ra ẹyọ kan báyìí ẹ máa tún padà wá ra ẹyọ kan láìpẹ́, nígbà yẹn èyí tẹ́ ẹ ra báyìí á ti jẹ, ẹ tún bẹ̀rẹ̀ àìdọ́gba látìbẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Iwájú yín ṣì dáa ní ti ojú, ẹ fi sílẹ̀, àmọ́ ẹ ṣe nǹkan kan fún mi: ẹ fi ọwọ́ pa ẹ̀gbẹ́ INÚ táyà iwájú ọ̀tún yíká, èyí tó kọjú sí abẹ́ mọ́tò. Òun ló kọ́kọ́ wọ kòtò yẹn kí ẹ̀yìn tó wọ̀ ọ́. Kókó inú kì í hàn sí ẹni tó dúró síta, mọ́tò tí wọ́n gbé wá sọ́dọ̀ mi fún ẹyọ kan tá a wá rí ìkejì nínú pọ̀ díẹ̀.

Ti Ládípọ̀ yẹn, ẹ sá fún un. 3117 yẹn túmọ̀ sí pé ọ̀sẹ̀ 31 ọdún 2017 ni wọ́n ṣe é. SON, àjọ tó ń rí sí ojúlówó ọjà, fi ọdún mẹ́rin lé táyà láti ọjọ́ tí wọ́n ṣe é, FRSC sì ń dá èèyàn dúró lórí ẹ̀. Tiyín tó wà lẹ́sẹ̀ fúnra ẹ̀, 0820, òun náà ti kọjá, ìdí mìíràn tí mo fi ní kẹ́ ẹ bọ́ méjèèjì nìyẹn. Lẹ́yìn ìyẹn, 90 lòun, 94 ni tiyín. 90 lè gbé 600 kílò, 94 ń gbé 670, iyàtọ̀ 70 kílò lórí táyà kan ṣoṣo, ẹ̀yin, ìyàwó, àwọn ọmọ, gáàrí àti iṣu nínú búùtù. W ni lẹ́tà tiẹ̀, Y ni tiyín, W dé 270 Y dé 300. Dídán tó ń dán yẹn, wọ́n fi òróró pa á ni, táyà tó ti pẹ́ tó báyẹn kì í dán fúnra ẹ̀. Ẹ ní kó tẹ ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ mọ́lẹ̀ kó ya fọ́tò ẹ̀ ní ìsúnmọ́, ẹ máa rí i bó ṣe là wẹ́wẹ́. Òfin kọ̀ọ́ kí wọ́n kó tòkúnbọ̀ táyà irú èyí wọ Nàìjíríà látilẹ̀, kọ́sítọ́ọ̀mù kọ ọ́ sínú ìwé àwọn ọjà tí kò gbọdọ̀ wọlé, bẹ́ ẹ ṣe wá ń rí i ní gbogbo títì, ẹ fi ìyẹn sílẹ̀. Michelin ti kógbá wọlé ní Port Harcourt ní 2007, Dunlop dá táyà ṣíṣe dúró n'Ìkẹjà ní 2008, látìgbà náà àtòkè òkun ni gbogbo ẹ̀ ti ń wá, òun ló jẹ́ kí tuntun wọ́n tó báyìí. Mo mọ̀ pé ó dun àpò.

Ti 265: rìímù ẹ̀yìn yín fẹ̀ ní ínǹṣì 9, 265/35 ń wọ̀ ọ́, àwọn kan ń lò ó lórí C63. Ṣùgbọ́n ọ̀tún àti òsì gbọ́dọ̀ jọ ara wọn, kẹ́ ẹ sì yẹ̀ ẹ́ wò pé kì í ha ara pátákó nígbà tí èèyàn bá kún ẹ̀yìn. Tẹ́ ẹ bá rí 255, 255 ni kẹ́ ẹ rà. Tẹ́ ẹ bá rí èyí tí wọ́n kọ MO sí lára, ti Benz gan-an nìyẹn, ó dáa, kò di dandan.

peckham_ọmọ_èkìtì

Ẹ jẹ́ n ta sí ọ̀rọ̀ tòkúnbọ̀ yẹn díẹ̀. Níbí ní London, òfin gbà kí wọ́n ta táyà àlòkù, ṣùgbọ́n wọ́n gbọ́dọ̀ tẹ PART WORN sí i lára, ojú ẹ̀ ò sì gbọdọ̀ dín ní mílímítà 2. Ẹni tí wọ́n bá mú pẹ̀lú táyà tó ti kọjá 1.6, wọ́n lè gba £2,500 lọ́wọ́ rẹ̀ lórí táyà kan, kí wọ́n tún fi póńtì mẹ́ta sí láísẹ́ńsì ẹ̀. Lórí táyà kan o! Tí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá dán, ẹ ṣe ìṣirò ẹ̀ fúnra yín. Ìdí nìyẹn táwọn èèyàn ibí fi ń tètè bọ́ táyà sílẹ̀, tí ẹlòmíì á sì wá máa yọ̀ lọ́hùn-ún pé "ojú ẹ̀ ṣì nípọn". Ẹni tó bọ́ ọ ò sọ ìdí tó fi bọ́ ọ fún yín. Ó lè jẹ́ kòtò tirẹ̀ ni.

Golf R ni èmi ń wà, mo sì fara mọ́ méjì fún ọ̀gbẹ́ni yìí. Mo tún fẹ́ béèrè, ta ló fẹ́ ki táyà yẹn bọ rìímù fún yín? Tó bá jẹ́ onírin méjì àti òòlù, ẹ má ṣe é. Ẹ wá ibi tí wọ́n ní ẹ̀rọ tó mọ táyà pẹlẹbẹ mú.

baba_rọ́bà

Ọ̀rọ̀ gidi lẹ sọ, màámi. Ẹ̀rọ ni o, irin méjì á bó etí táyà tuntun, á tún ha rìímù. Ara táyà náà, wọ́n máa ń kọ OUTSIDE sí ẹ̀gbẹ́ kan, ẹ̀gbẹ́ yẹn ló gbọ́dọ̀ kọjú síta, mo ti rí èyí tí wọ́n wọ̀ ní òdì tí onímọ́tò sì ń bi mí pé kí ló dé tí mọ́tò òun ń hu. Kí wọ́n pààrọ̀ fáàfù ẹ̀, owó kékeré ni. Kí wọ́n ṣe bàláǹsì, kí wọ́n ṣe aláímẹ́ǹtì ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ẹ̀yìn pàápàá, ohun tó jẹ etí inú yẹn ṣì wà lábẹ́ mọ́tò, tẹ́ ẹ bá wọ táyà tuntun láì wò ó, òun náà á jẹ ẹ́. Ẹ ṣí ìdérí ibi tẹ́ ẹ ti ń ra epo, ẹ máa rí ìwé tí wọ́n kọ iye afẹ́fẹ́ sí, òun ni kí wọ́n gbá a dé nígbà tí táyà bá tutù, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fojú dá a.

Tẹ́ ẹ bá wọ̀ ọ́ tán, fún nǹkan bíi kìlómítà 160 àkọ́kọ́ kẹ́ ẹ má tẹ̀ ẹ́ rinlẹ̀ rárá, ojú tuntun máa ń yọ̀.

náírà_kì_í_jábọ́

Ẹ̀yin ènìyàn yìí. Ó dáa, mo gbà pé ti mọ́tò eré yàtọ̀. Ṣùgbọ́n Camry mi ṣì ń lọ.

Madam, mo jẹ́ ìkíni yín.

ọmọ_mọ́kọ́lá

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Mo ti fọwọ́ pa inú táyà iwájú ọ̀tún, ó tẹ́jú, kò sí kókó níbẹ̀. Mo ti bá ṣọ́ọ̀bù kan sọ̀rọ̀ ní Bódìjà, wọ́n ní 255/35R18 94Y méjì ti ọdún yìí, wọ́n jẹ́ n rí DOT ẹ̀ kí n tó sọ̀rọ̀ owó, ẹ̀rọ wọn sì wà nílẹ̀. Wọ́n á na rìímù lọ́jọ́ Ọjọ́rú. Mo ti sọ fún ìyàwó mi pé méjì ni, ó wò mí lójú, ó ní ṣé owó aláímẹ́ǹtì náà ti wà nínú ẹ̀.

Ìbéèrè kan ló kù: táyà òsì tí mo fẹ́ bọ́ yìí, ọ̀gbẹ́ni Ládípọ̀ ní òun á rà á. Kí n tà á fún un?

baba_rọ́bà

Ẹ má tà á. Ẹ fi ọ̀bẹ gé ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ méjèèjì kẹ́ ẹ tó gbé e sílẹ̀, kí ẹlòmíì má baà fi òróró pa á.

STI_Houston

Àbí kẹ́ ẹ gbin ewédú sí i 😂 màámi ní mẹ́ta lẹ́yìn ilé.